Ta ni Ó Kọ Ọ́, Ta ni Ó sì Kọ Ọ́ Sí? Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A Máa Ka Ìwé Ìtàn Wa

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀kan yìí jáde láti inú àríyànjiyàn kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìpàdé wa ká. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ kò ní í tíì gbàgbé. A ń múra sílẹ̀ fún Ọjọ́ Àṣà, a sì fẹ́ tẹ ojú ewé kan nípa ogun Kírìjì sínú ìwé ètò. Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn ni ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n ṣọ̀tẹ̀. Kò tíì kà á tán tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan fi dìde, tí ó ní, "Ọ̀tẹ̀ kẹ̀? Òmìnira ni àwọn baba wa jà fún!" Ni ọmọ Ìbàdàn bá na ìwé Samuel Johnson sókè, bí ìgbà tí oníwàásù bá gbé Bíbélì dání, ó ní, "Ó wà nínú ìwé!" Láti ìgbà náà ni ariwo ti gba ilé kan. Àwọn méjèèjì kò kí ara wọn mọ́ títí tí a fi túká. Alága ní kí a dá ojú ewé náà dúró, kí àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì wá sọ ohun tí a mọ̀.

Kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ni a ṣe mú kálàmù. Ohun tí ó ká wa lára ni gbólóhùn yẹn, "Ó wà nínú ìwé." Lóòótọ́, ó wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó kọ ìwé. Ẹni tí ó kọ ọ́ ní ilé bàbá tirẹ̀, ó ní ẹni tí ó kọ ọ́ sí, ó sì ní ohun tí ó fẹ́ kí ẹni náà ṣe. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí a kò bá jẹ́ fi ẹnu ẹnìkan ṣoṣo dá ẹjọ́ ewúrẹ́ tí ó jẹ iṣu, kí ni ó dé tí a ó fi fi ẹnu ẹnìkan ṣoṣo dá ẹjọ́ ìlú àti ìlú?

Ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń yí ènìyàn lọ́kàn padà

Ọlọ́gbọ́n kan ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, Aristotle, pín ọ̀nà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ń mú ènìyàn gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí mẹ́ta. Àwọn olùkọ́ wa níhìn-ín kì í yé pariwo rẹ̀ sí wa létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó síbi tí a ti ń parí ìjà ní agboolé kan nílé ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ kí a gba tòun yóò kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí òun jẹ́: "Èmi tí ẹ ń wò yìí, ẹ kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi rí." Lẹ́yìn náà ni yóò sọ̀rọ̀ tí omi yóò fi bọ́ lójú àwọn ìyá àgbà. Ẹ̀kẹta, yóò mú ẹ̀rí wá: "Lágbájá wà níbẹ̀, ẹ bi í." Ìfọkàntán ni èkínní, àánú tàbí ìbínú ni èkejì, ẹ̀rí àti àlàyé ni ẹ̀kẹta. Àwọn àgbà tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ náà mọ̀ pé èyí tí ó dáa wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn kò ní tìtorí pé ọkùnrin náà sunkún kí wọ́n pè é ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò sì ní tìtorí ẹkún dá a láre.

Bí ó ti yẹ kí a máa ka ìwé àtijọ́ nìyẹn. Kí a tó dé orí ìtàn tiwa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ìwé kan tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa níhìn-ín dán an wò.

Ìwé àṣẹ Galveston

Ìlú Galveston kò ju nǹkan bí àádọ́ta máìlì lọ sí Houston. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti lọ sí etí òkun rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀gágun Gordon Granger ti gbé ìwé àṣẹ kẹta rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1865. Ìwé yìí ni ó fà á tí àwọn aláwọ̀ dúdú Texas fi ń ṣe àjọ̀dún Juneteenth. Texas sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìsinmi ìjọba láti ọdún 1980, gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ní 2021. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìwé náà kéde òmìnira. Àwọn tí ó kà á dópin kò pọ̀.

Ìwé náà kò gùn ju gbólóhùn mélòó kan lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára: ó ní àṣẹ ti ọ̀dọ̀ olórí ìjọba Amẹ́ríkà wá pé gbogbo ẹrú ti di òmìnira. Ó tẹ̀ síwájú pé ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ti jẹ́ olówó ẹrú àti ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú dọ́gba lórí ara àti lórí dúkìá, àti pé láti ìgbà náà lọ, agbanisíṣẹ́ àti alágbàṣe ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí, ohùn ìwé náà yí padà. Ó gba àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n rọra dúró síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ gba owó. Ó kìlọ̀ pé a kò ní gbà kí wọ́n kóra jọ sí àgọ́ ológun, àti pé ẹnikẹ́ni kò ní bọ́ wọn bí wọ́n bá ń ṣe ìmẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bi ìwé yìí ní ìbéèrè wa. Ta ni ó kọ ọ́? Ológun tí ó ṣẹ́gun, tí ìlú tí ó dàrú wà lọ́rùn rẹ̀. Ta ni ó kọ ọ́ sí? Àwọn ará Texas ni ó ní òun ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tí a tú sílẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Kí ni ó fẹ́? Ó fẹ́ kí oko òwú má dá dúró, kí ẹ̀rù má sì ba àwọn olóko. Àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ láti ìran dé ìran láìgba kọ́bọ̀, àwọn ni ìwé náà wá ń kìlọ̀ ìmẹ́lẹ́ fún! Ìwé kan náà ni ó gbé òmìnira lé wọn lọ́wọ́ tí ó sì tún fura sí wọn. Ẹni tí ó bá ka gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan kò purọ́ bí ó bá ní ìwé òmìnira ni. Ẹni tí ó bá ka ti ìparí nìkan kò purọ́ bí ó bá ní ìwé ìfura ni. Ẹni tí ó ka gbogbo rẹ̀ ni ó mọ ìtàn.

Àwọn tí a fi ìmẹ́lẹ́ kàn sì dáhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe kálàmù ni wọ́n fi dáhùn. Ní ọdún 1872, àwọn ẹrú tí ó ti di òmìnira ní Houston yìí, tí àlùfáà Jack Yates wà lára olórí wọn, dá ẹgbẹ̀rún kan dọ́là jọ, wọ́n ra ilẹ̀ éékà mẹ́wàá láti máa ṣe àjọ̀dún ọjọ́ náà. Ilẹ̀ yẹn ni Emancipation Park tí ó wà ní Third Ward títí di òní. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ rántí pé èsì ìwé ni ẹ ń wò.

Lẹ́tà Àjàyí

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ní oṣù kejì ọdún 1837, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wà ní Fourah Bay ní Sàró kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní ìlú Òyìnbó, àlùfáà William Jowett, nípa bí wọ́n ṣe mú òun lẹ́rú. Samuel Àjàyí Crowther ni, tí ó wá di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ó sọ bí ogun ṣe ká wọn mọ́ Òṣogùn ní òwúrọ̀ nígbà tí àwọn obìnrin ń ṣe oúnjẹ àárọ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe sáré wá kì wọ́n nílọ̀ tí ó sì padà sójú ìjà, bí wọ́n ṣe fi okùn so òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tí ó fi dé Èkó. Ó jẹ́wọ́ pé nígbà tí òun gbọ́ pé Potogí ni wọ́n fẹ́ ta òun fún, òun gbèrò láti fi ọ̀já ìdí òun fún ara òun lọ́rùn.

Lẹ́tà yìí ń pani lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta wa. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti di Kristẹni láti 1825. Òyìnbó onígbàgbọ́ ni ó kọ ọ́ sí, àwọn tí ó tọ́ ọ tí ó sì kọ́ ọ ní ìwé. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ wọn kò já sí asán, kí wọ́n sì rán àwọn míṣọ́nnárì púpọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ó fi pe ọjọ́ tí ogun kó o ní ọjọ́ ibi àti ọjọ́ ìbùkún lẹ́ẹ̀kan náà: ibi, nítorí pé ó yà á kúrò lára ẹbí, ìbùkún, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí i, Ọlọ́run lo ọjọ́ náà láti mú un kúrò nínú òkùnkùn. Àwọn kan nínú wa ka èyí, inú bí wọn. Wọ́n ní ọkàn Òyìnbó ni ó wà nínú rẹ̀. A kò rò bẹ́ẹ̀.

Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ wo ohun tí Àjàyí ṣe. Ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an: ó dúpẹ́, ó yin Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà ni ó ti fi oúnjẹ àárọ̀ hàn wọ́n, àti bàbá tí kò padà wálé, àti ọmọ tí ó fẹ́ràn ikú ju oko ẹrú lọ. Ó tilẹ̀ fi ẹ̀rín sí i: ó ní nígbà tí ọkọ̀ ogun Òyìnbó gbà wọ́n sílẹ̀ ní 1822, àwọn rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ nínú ọkọ̀, àwọn rò pé ẹran ènìyàn ni, àwọn sì rò pé orí ènìyàn ni ọta ìbọn àgbá. Àwọn Òyìnbó tí ń pe ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní ilẹ̀ ajẹ̀nìyàn wá rí i kà pé ojú kan náà ni ọmọ Adúláwọ̀ fi wo àwọn náà. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe ẹ̀kọ́ fún wọn ni o, bóyá ó kàn sọ ọ́ bí ó ti rí ni o, ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní ojú. Ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní pe ọkùnrin náà ní ẹni tí ó gbàgbé ilé.

Ìwé Johnson

Ó wá kan ìwé tí ó dá ìjà sílẹ̀. Kò sí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó tó ti Samuel Johnson, a kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn níwájú wa. Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846. Ó dàgbà ní Ìbàdàn, ó sì di àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́. Níbẹ̀ ni ó ti parí ìwé náà ní 1897. Ó ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó fún títẹ̀, ìwé àfọwọ́kọ náà sì sọnù. Ó kú ní 1901 láìrí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kó jọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù. Òun náà kú ní 1920, ìwé náà sì jáde ní 1921. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní "Johnson sọ," ẹ rántí pé ènìyàn méjì ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Báwo ni ó ṣe mú wa gbà á gbọ́? Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó ní ìfẹ́ ilẹ̀ baba òun ni ó mú òun kọ̀wé, nítorí pé àwọn àgbà ń kú lọ, àwọn ọ̀mọ̀wé wa sì mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìsì, wọn kò mọ tiwọn. Ta ni yóò ka èyí ní Houston tí kò ní dun òun dé egungun? Àwa tí a mọ orúkọ àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà tí a kò lè ka Aláàfin márùn-ún! Ìfọkàntán àti ìmí ẹ̀dùn ti wọlé pọ̀ nìyẹn. Ó sì mú ẹ̀rí wá: ó dárúkọ àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ fún ìtàn àtijọ́; ó dárúkọ David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, àti Josiah Òní, àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí òpìtàn. Kò fara pamọ́ rárá. Ẹni tí ó dárúkọ ẹlẹ́rìí rẹ̀ fẹ́ kí a lè yẹ òun wò.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà. Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Ẹdẹ. Níbo ni arọ́kin Iléṣà wà? Níbo ni àwọn àgbà Ìjẹ̀bú wà, tàbí ti Èkìtì? Ọ̀yọ́ ni Johnson ń pè ní Yorùbá gan-an. Àwọn ìyókù jẹ́ ìbátan. Kì í ṣe pé ó kórìíra wọn. Ibi tí ènìyàn bá dúró sí ni ó ti ń wòran.

Ẹ wo ọ̀ràn Baṣọ̀run Gáà. Nínú ìwé Johnson, kò sí ìkà tí ó tó o. Ó ń fi ọba jẹ, ó ń pa ọba, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń ni ìlú lára, títí tí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀, tí ilẹ̀ fi rọ̀. Ìtàn náà dùn. Àwọn òṣèré wa ti fi ṣe eré títí. Ṣùgbọ́n inú ìdílé Abíọ́dún ni wọ́n ní bàbá Johnson ti ṣẹ̀ wá, àwọn arọ́kin tí ó sọ ìtàn náà sì jẹ́ ti ààfin, ọ̀dọ̀ ọba ni wọ́n ti ń jẹun. Ta ni ó ṣẹ́ kù tí yóò sọ ti Gáà? Iṣẹ́ Baṣọ̀run àti Ọ̀yọ́ Mèsì ni láti ká ọba lọ́wọ́ kò. A kò sọ pé Gáà kì í ṣe ìkà. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹnu ẹni tí ó ṣẹ́gun nìkan ni a ti gbọ́ ọ.

Ẹ tún wo bí ó ṣe to ìwé rẹ̀. Ó pín ìtàn sí ìgbà mẹ́rin: ìgbà ìwáṣẹ̀, ìgbà tí Ọ̀yọ́ gbòòrò tí ó sì di aninilára, ìgbà tí ogun fọ́ ọ, àti ìgbà tí ogun dáwọ́ dúró tí Òyìnbó sì wọlé. Ẹni tí ó bá ka Bíbélì mọ irú ètò yìí: ògo, ẹ̀ṣẹ̀, ìyà, ìràpadà. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ pé ìjọba Òyìnbó ni òpin tí ìtàn wa ń lọ. Johnson ní ìdí tí ó fi rí i bẹ́ẹ̀. Òun àti Charles Phillips ni ìjọba Èkó rán lọ sí ibùdó ogun ní 1886 láti bá Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ẹni tí ó ti rí òkú tó bẹ́ẹ̀, tí ó wá rí i tí àwọn ológun fi iná sí àgọ́ tí wọ́n sì ń lọ sílé, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mú àlàáfíà wá. Àwa tí a mọ ohun tí ó tẹ̀lé e lè rí ohun tí òun kò lè rí.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù nìyí. Nígbà tí a padà délé láti ìpàdé ọjọ́ náà, a ṣí ìwé Johnson síbi tí ogun Kírìjì ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí ọmọ Ìbàdàn gbé sókè yẹn fúnra rẹ̀ ń rojọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn: bí wọ́n ṣe ń ni àwọn ará Èkìtì lára, tí wọ́n ń ṣe bí ó ti wù wọ́n lórí dúkìá àti obìnrin onílé, títí tí Fábùnmi fi dìde sí wọn ní Ìmẹ̀sí. Johnson, ọmọ Ọ̀yọ́ tí Ìbàdàn tọ́ dàgbà, kò bo ẹ̀bi Ìbàdàn mọ́lẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ń bú ìwé náà kò mọ̀ pé ẹlẹ́rìí òun wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn tí ó ń gbé e sókè kò mọ̀ pé ó ń gbé ẹ̀rí tako ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń jà lórí ìwé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kà tán.

Kí ni kí a ṣe?

Johnson nìkan kọ́ ni ó kọ̀wé. I. B. Akínyẹlé, tí ó wá jẹ Olúbàdàn ní 1955, tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911. A. K. Ajíṣafẹ́ kọ ìtàn Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà kọ Ìwé Ìtàn Ìjẹ̀ṣà-Ọbòkun tiwọn ní 1932. Olúkúlùkù ni ó ń gbèjà ilé bàbá rẹ̀, ọmọ ẹni kì í sì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀ bí a bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Níbi tí wọ́n bá ti ṣọ̀kan, a lè fi ọkàn balẹ̀ díẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ta ko ara wọn, ibẹ̀ gan-an ni kí a ti ṣí etí wa.

Ohun tí a dá lábàá fún ẹgbẹ́ nìyí. Ẹ má ṣe jù ojú ewé Kírìjì nù. Ẹ pín in sí méjì. Kí ọmọ Ìbàdàn kọ apá kan, kí ó fi "ọ̀tẹ̀" rẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì sọ ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kọ apá kejì, kí ó fi "òmìnira" rẹ̀ síbẹ̀, kí òun náà sọ ibi tí ó ti gbọ́. Lábẹ́ méjèèjì, kí a tẹ ohun tí kò sí àríyànjiyàn lé lórí: pé ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, pé Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ní 1885, pé Ògèdèngbé ni olórí ogun Èkìtìparapọ̀, pé wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, àti pé ìyá tí ó sunkún ní apá ìhín sunkún ní apá ọ̀hún.

Ohun kan kù. Àwọn àgbà tí Johnson ń bẹ̀rù pé wọn yóò kú lọ ti kú lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá àti ìyá tiwa ń bẹ lẹ́nu fóònù. Nígbà tí ẹ bá tún pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí wọn tán, ẹ bi wọ́n ní ìtàn ilé yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, ọjọ́ tí ó sọ ọ́, àti ẹni tí òun náà ti gbọ́ ọ, kí ẹni tí yóò kà á lẹ́yìnwá ọ̀la má baà kàn máa pariwo pé ó wà nínú ìwé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kí ara yín o. Àwọn baba yín ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà tipẹ́.